Bí a ṣe ń fi iye ọmọ jẹ́léósinmi Nàìjíríà wé ti Gánà láti ọdún dé ọdún

Ẹ má tíì wo àwòrán ìlà tí wọ́n fi ń wé wọn o. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n á rí i pé ìpín ọmọ jẹ́léósinmi Gánà kọjá 100 nínú 100 láwọn ọdún kan, wọ́n á ní irọ́ ni, báwo lọmọ iléèwé ṣe máa pọ̀ ju ọmọ ìlú lọ. Kì í ṣe irọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò kan ní Mushin ṣe é. Ká ní ọmọ 20 tó jẹ́ ọdún 3 sí 5 ló wà níbẹ̀, àmọ́ 24 la bá nínú kíláàsì, torí ìyá kan gbé ọmọ ọdún 2 wá kó lè ráyè lọ tajà, àwọn míì ní ọmọ àwọn ti pé 6 lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò tíì mọ ABD, kó ṣì dúró. Ẹ fi 20 pín 24, ẹ sọ ọ́ lọ́nà 100, ó di 120. Ohun tí wọ́n ń pè ní gross nìyẹn. Net ní tiẹ̀, ọmọ tọ́jọ́ orí ẹ̀ bá a mu nìkan ló ń kà, kò lè kọjá 100. Ẹ má fi gross wé net láéláé.

Ó yá, ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì World Bank, ẹ tẹ SE.PRE.ENRR, ìyẹn àmì tí wọ́n fún gross jẹ́léósinmi, síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀dọ̀ UNESCO ni wọ́n ti ń kó o. Ẹ dáńlóòdù ẹ̀ sí Excel, ọdún lápá kan, Nàìjíríà, Gánà. Ọdún tí ò bá ní nọ́ńbà, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fi òdo síbẹ̀ ńṣe ló máa dà bíi pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà jókòó sílé lọ́dún yẹn. Ọdún tí àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà nìkan ni kẹ́ ẹ fi wéra. Tó bá kúrò ní 40 tó di 50, póìǹtì 10 ló fi gòkè, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ ló lé sí i, ẹ yan ọ̀kan kẹ́ ẹ dúró tì í.

Tí nọ́ńbà bá ṣàdédé fò sókè, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n yí ọjọ́ orí jẹ́léósinmi padà kẹ́ ẹ tó yin ìjọba. Lẹ́yìn náà ẹ sàmì sí ọdún òfin: 2004 fún UBE tiwa, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tó ka ìtọ́jú ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, 2007 fún Gánà, ìgbà tí wọ́n fi KG, ìyẹn jẹ́léósinmi ọlọ́dún méjì, kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó pọn dandan. Ẹ sàmì sí 2020 náà, kòrónà ti iléèwé pa.

Èyí tó ká mi lára jù ni iye ọmọ ìlú fúnra ẹ̀, èyí tá a fi ń pín ọmọ iléèwé. Gánà ka èèyàn ní 2010, wọ́n tún kà ní 2021. Àwa, 2006 la kà kẹ́yìn, iye àfojúbù ni wọ́n fi ń pín in látìgbà yẹn. Àwọn tí ò sí nínú ìwé wá ńkọ́? Lójúlé kejì sí wa, màmá kan kó ọmọ 11 sí pálọ̀, ó tẹ́ ẹní, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ABD sára ilẹ̀kùn, àwọn ìyá tó ń lọ Ọjà Ojúwoyè ń sanwó ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ìjọba tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ya ìlà yín tán, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ gbàgàdà pé irú àwọn ọmọ 11 yẹn lè má sí níbẹ̀.