Dígí tí mi ò rẹ láró

Ẹ̀jẹ̀ mílílítà 30 ni wọ́n fà lára ẹnì kan tí ikọ́ fée ń bá jà, tó tọwọ́ bọ̀wé pé ká fi ṣe ìwádìí. Inú rẹ̀ ni mo ti fẹ́ wá eosinophil, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó máa ń pọ̀ lọ́nà èémí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí. Bí ara ẹni bá le, wọn kì í ju 1 sí 5 lọ nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì funfun. Paul Ehrlich, ará Jámánì, ló fi aró eosin dá wọn mọ̀ ní 1879, ibẹ̀ lorúkọ wọn ti wá.

Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ gba gbogbo àárọ̀ mi. Lẹ́yìn tí mo ti yí ẹ̀jẹ̀ náà bírí nínú ẹ̀rọ, tí mo sì ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa dànù, neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù. Ọgbọ́n kékeré la fi ń lé wọn. Neutrophil ní àmì CD16 lára, eosinophil ò ní in. Mo po ìlẹ̀kẹ̀ onírin tíntìntín tó ń lẹ̀ mọ́ CD16 mọ́ wọn, mo da gbogbo rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òòfà kọjá. Òòfà di neutrophil mú, eosinophil ń ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀ láìsí ohun tó fara kàn án. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì yìí ò ní sùúrù. Bí èèyàn bá yọ ọ́ lẹ́nu, á tú ẹrù inú rẹ̀ dànù.

Mo jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí dígí pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 0.17 (ẹ má fojú di ìwọ̀n yẹn o, òun ni wọ́n ṣe lẹ́ǹsì fún). Mo fi formaldehyde dá wọn dúró, mo fi Triton, irú ọṣẹ kan, lu wọ́n nihò, mo wá da antibody, purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó, tó ń wá MBP sí i. MBP yìí jẹ́ purotéènì kan lára ẹrù inú eosinophil, òun ló ń ba awọ ọ̀nà èémí jẹ́ bó bá tú síta. Aró aláwọ̀ ewé ni mo lò. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í.

Lábẹ́ máíkíróskóòpù, gbogbo ara sẹ́ẹ̀lì ń tàn yòò. Mo ti ń yọ̀. Àǹtí tó ń mójú tó yàrá náà, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, yọjú wo kọ̀ǹpútà.

“Èyí tí o ò rẹ láró ńkọ́?”

“Mi ò tíì wò ó, mà.”

“Lọ gbé e wá.”

Kò sí antibody lórí dígí yẹn, kò sí aró, síbẹ̀ ó ń tàn. Eosinophil ní èròjà kan tó ń jẹ́ FAD nínú, tí í tàn láwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá kàn án. Ojú tì mí. Àǹtí ò bá mi wí, ó kàn ní kí n lọ tún un rẹ.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo lo aró méjì tí ìmọ́lẹ̀ búlúù ò lè mú tàn, ọ̀kan fún MBP, èkejì fún CD63 tó wà lára awọ àwọn hóró inú sẹ́ẹ̀lì. Dígí tí mi ò rẹ láró dúdú kirikiri. Mo wá tan STED, irú máíkíróskóòpù kan tó ń rí ohun tó kéré ju èyí tí lẹ́ǹsì lásán lè yà sọ́tọ̀. Láti 1873 ni Ernst Abbe ti fi hàn pé bí àlàfo àárín ohun méjì ò bá tó nǹkan bíi nanómítà 200, lẹ́ǹsì ò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Stefan Hell, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014, ló rọ́gbọ́n dá sí i: ìmọ́lẹ̀ kan á tan aró, òmíràn tó rí bí òrùka á pa ti ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, á wá ku àárín bíńtín. Ohun tó jẹ́ àbàwọ́n kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ pín sí hóró-hóró lójú mi. MBP dì sáàárín àwọn kan bí èkùrọ́ nínú èèpo. Èèpo nìkan ló kù lára àwọn mìíràn, inú ti ṣófo.

STED ò ṣàánú aró. Sẹ́ẹ̀lì tí mo bá wò lẹ́ẹ̀mẹta ti ń ṣú. Nínú wákàtí mẹ́ta tí mo gbà, 16 ni mo rí yà nínú 40 tí mo nílò. Àǹtí kọ orúkọ mi sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí n mú èyí tí mi ò rẹ láró dání.