Wáyà Ilẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Páǹpù
Ọkọ̀ mi ọdún 1998 a máa kú bí ó bá ti gbóná, ó sì dùn mí pé a ti pààrọ̀ páǹpù epo tí kò ní àrùn kankan kí n tó mú mítà tí a fi ń wọn iná. Bí páǹpù ti ń ṣiṣẹ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, fólítì 8.6 péré ni ó ń dé ẹnu wáyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bátìrì gbé 12.5. Mo wá fi ẹsẹ̀ mítà kan sí wáyà dúdú páǹpù, ìyẹn wáyà ilẹ̀ tí ń dá iná padà sí bátìrì gba ara ọkọ̀, èkejì sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì: fólítì 3.4 ni ó ń ṣòfò lójú ọ̀nà yẹn, èyí tí kò yẹ kí ó ju 0.2 lọ. Bóòtù tí ó de wáyà náà mọ́ ara ọkọ̀ ti dógùn-ún lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù. Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi dán. Mítà wá ka 11.9 lẹ́nu wáyà páǹpù.