Oòrùn jẹ àwọ̀ mi tán nínú ìgò

Ìgò méjì mẹ́tánọ́ọ̀lù, omi kẹ́míkà tí mo fi ń yọ àwọ̀ jáde lára bakitéríà, ₦38,000, ló ṣòfò kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣì í. Ó ṣì ń dùn mí.

Bakitéríà òkun tí ń pèsè àwọ̀ kárótínọ́ìdì ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi níbí l'Ákùúrẹ́. Lára Sinularia, irú iyùn rírọ̀ kan (ẹ̀dá inú òkun ni, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀), ní òkun Indonéṣíà, ni àwọn onímọ̀ ti rí irú wọn. Àwọ̀ náà ni bakitéríà fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ó lè rọ́pò àwọ̀ kẹ́míkà inú oúnjẹ, ọ̀kan nínú àwọn kárótínọ́ìdì, zeaxanthin, sì wà nínú ẹyinjú àwa èèyàn pàápàá. Èmi ò rí iyùn, omi òkun Ayétòrò ní Ìlàjẹ ni mo bù.

Gbígbin bakitéríà náà sórí agar, ohun dídì tí a fi ń hu bakitéríà ní láàbù, kò le, ọmọ ọdún kejì mọ̀ ọ́n. Ó hù dáadáa, ó pọ́n bí ìyeyè.

Ibi tí mo ti fẹ́ yọ àwọ̀ rẹ̀ ni wàhálà wà. Mo pò ó pọ̀ mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù, mo sẹ́ ẹ sínú ìgò funfun, mo gbé e sí ojú fèrèsé. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ti dà bí omi kànga. Mo ní bakitéríà ló burú. Mo tún un gbìn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé e lé omi gbígbóná kó lè tètè gbẹ, mo sì tún pàdánù rẹ̀. Ọ̀gá láàbù ní kí n ra mẹ́tánọ́ọ̀lù mìíràn. Inú bí mi.

Màmá mi, tó ń din àkàrà ní Ọjà Ọba, ló là mí lójú. Wọ́n ní, "Epo pupa tó bá pẹ́ lórí iná, ṣé kì í funfun ni?" Mo kàn dákẹ́ ni. Kárótínọ́ìdì ló ń mú epo pọ́n! Tó bá ti kúrò nínú bakitéríà, ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ á fọ́ ọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo pa iná láàbù, mo fi fóìlì di ìgò, mi ò jẹ́ kí ooru kọjá 40°C. Ẹ ra fóìlì kẹ́ ẹ tó ra mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ fi hàn pé láàárín 400 sí 500 nm (ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀) ni àwọ̀ náà ti ń gba ìmọ́lẹ̀ mu jù, bíi ti kárótínọ́ìdì, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Mo pariwo.

Mo gbé e lọ han Màmá lálẹ́. A tú fóìlì náà díẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n tètè dì í padà.