Ìró pàràpàrà ní àyà ẹni tí ara rẹ̀ le: ohun tó yanjú rẹ̀

Stethoscope, ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ ìró inú ara, ń gbé ìró pàràpàrà wá láti àyà ẹni tí kò ṣàìsàn, bíi pé omi wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Irun àyà ló fà á. Bí irun bá ń ha ojú stethoscope, ìró rẹ̀ jọ ti àìsàn gan-an. Mo fi omi díẹ̀ tẹ́ irun náà mọ́lẹ̀, mo tẹ ojú stethoscope tó fẹ̀ mọ́ awọ ara dáadáa, ìró náà sì dákẹ́. Ẹ má gbé e lé orí aṣọ o. Aṣọ náà máa ń ha.

Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan rárá, ẹ rí i pé ibi tó ń wọ etí kọjú síwájú, sí apá imú. Ẹ fi ìka gbá ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá dún, ẹ yí orí stethoscope náà sí òdì kejì.

Kí aláìsàn la ẹnu, kó mí kanlẹ̀. Ẹ gbọ́ èémí kan, sínú àti síta, kí ẹ tó kúrò lójú kan, kí ẹ sì fi ọ̀tún wé òsì ní ìpele kan náà. Bí ẹ bá ń gbọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, kó ká ọwọ́ mọ́ àyà kí palaba èjìká lè yà. Ìró tó bá lọ lẹ́yìn tó wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó sinmi.