Bí Mo Ṣe Tú Àpò Ìṣaralóge Mi Palẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ojú mi ọ̀tún pọ́n, ìpénpéjú rẹ̀ sì lẹ̀ pọ̀ débi pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ṣí i. Èrò mi ni pé àpólò ni mo kó lára àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń kọ́, mo bá wọ awò dúdú, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà tó yẹ̀ mí wò tan iná sí ojú náà, ó wò ó títí, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, maskára tí ẹ ń lò, ìgbà wo lẹ ṣí i?" Maskára ni àwọ̀ dúdú tí mo fi ń kun irun ìpénpéjú. Mo ronú títí, n kò rí ọjọ́ kankan dárúkọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ni pé aṣọ ẹbí aláwọ̀ búlúù ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi sì ni. Àkọ́bí tọkọtìyàwó náà ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi.

Dókítà kò bá mi wí. Ó fún mi ní oògùn tí mo máa kán sójú, ó ní gbogbo ohun ìkunjú tó bá ti kan ojú náà kí n kó wọn dànù, kí n má sì fi ohunkóhun kun ojú títí yóò fi san pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo sì da àpò ìṣaralóge mi dé ìsàlẹ̀. Mo kó èyí tó wà nínú báàgì tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ mọ́ ọn, pẹ̀lú àwọn méjì tó ti ń gbé inú ọkọ̀ mi láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 37. Ẹnu yà mí, nítorí pé mẹ́fà péré nínú wọn ni mò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́.

Mo wọ awò ìkàwé mi kí n lè ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn wọn. Lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ya ìkòkò kékeré kan tí ọmọrí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n sì kọ 6M, 12M tàbí 24M sí i. Oṣù ni M yẹn dúró fún, kíkà rẹ̀ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rà á, bí kò ṣe ọjọ́ tí a ṣí i. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló sọ àmì yìí di dandan fún ohun ìṣaralóge tó lè pẹ́ ju oṣù 30 lọ kí ó tó bàjẹ́. Èyí tí kò bá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sí i. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò fi dandan mú ilé iṣẹ́ láti kọ ọjọ́ ìparí sára ohun ìṣaralóge, abájọ tí ìtọ́tè tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Houston kò ní ọjọ́ kankan lára. Àtíkè tí mo rà níbí, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí.

Ọjọ́ ìparí yẹn gan-an ló ti ń tàn mí jẹ láti ìgbà yìí wá. Bí mo bá ti rí i pé ọdún tí wọ́n kọ kò tíì pé, ọkàn mi a balẹ̀. N kò mọ̀ pé èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ni ọjọ́ náà wà fún. Gbàrà tí a bá ti ṣí i, tí afẹ́fẹ́, ìka ọwọ́ àti òógùn ti kàn án, kíkà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣòro tó wá kù ni bí n óò ṣe mọ ọjọ́ tí mo ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kì í fi oṣù rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òde ni mo fi ń rántí. Mo ké sí àbúrò mi obìnrin, a jọ jókòó ti fóònù mi, a sì ń wá àwòrán òde kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọjọ́ wà lára àwòrán. Ìtọ́tè aláwọ̀ osùn wà lẹ́nu mi níbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi lọ́dún 2019. Èyí tó pọ́n bí ata ni mo rà kí ó lè bá gèlè ìṣílé ẹnì kan mu, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì lò ó. Nígbà tí a ó fi wo àwòrán náà tán, a ti rẹ́rìn-ín títí, ojú sì ti tì mí.

Ohun tí a fi ń kun ojú ni mo kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Maskára kì í pẹ́ rárá: oṣù 3 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ká fi lò ó, àwọn tó fàyè gbà á jù kì í sì í kọjá oṣù 6. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á kan irun ìpénpéjú, á kó àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé níbẹ̀, a ó sì tì í padà sínú ihò tó ṣókùnkùn tó sì lọ́rinrin, lójoojúmọ́, títí agbára èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn láti dènà kòkòrò yóò fi dín kù. Tèmi tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbàkúùgbà tó bá ti fẹ́ gbẹ, mo máa ń kán omi ẹ̀rọ díẹ̀ sí i. Bí mo bá sì ń kánjú, itọ́ ni mo máa ń fi tutù ú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó là á yẹn náà ló ń ṣe kòkòrò lóore, kòkòrò ẹnu kò sì ní iṣẹ́ kankan nínú ojú. Maskára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Tìróò olómi méjèèjì, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní eyeliner, tẹ̀ lé wọn. Pẹ́ńsù tí mo fi ń ya ìgbéǹgbéréjú nìkan ló bọ́, nítorí pé kò kan inú ojú, mo sì lè gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kúrò títí tí tuntun yóò fi yọ.

Láàárín wọn ni mo ti rí ìgò tìróò tí màmá mi fún mi, pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń lé e. Ọ̀rọ̀ tìróò yìí kì í tilẹ̀ ṣe ti ọjọ́ orí. Òkúta tó kún fún òjé ni wọ́n ń lọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà, òjé sì ń ṣe ọpọlọ ọmọdé ní jàǹbá. Ní ìlú Boston, lọ́dún 2011, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí wọ́n ń lé tìróò ilẹ̀ Nàìjíríà fún. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ohun tó ju ìdá 80 lọ nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Mo pe màmá mi láti sọ fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Tìróò tí mo lé fún ọ láti kékeré, ṣé ojú rẹ fọ́ ni?" Mo ní, "Rárá, mà." N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo wé ìgò náà sínú nylon méjì, mo sì gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó.

Ìtọ́tè rọrùn ju ojú lọ. Epo àti ìda ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ó lè lo ọdún kan sí méjì. Imú ni mo fi dá wọn lẹ́jọ́. Ti Houston ń rùn bí epo tí wọ́n fi dín àkàrà ní ìjẹta, òmíràn sì ti làágùn, omi epo wínníwínní bo orí rẹ̀. Àtíkè gbígbẹ ló ní sùúrù jù, ó tó ọdún méjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo jù nù nínú wọn, èyí tí òróró ara mi ti sọ ojú rẹ̀ di líle, tí búrọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Faundéṣọ̀n olómi méjì tó gbé inú ọkọ̀ ti pín sí méjì, omi lókè, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Mo gbọn ọ̀kan pọ̀, ó tún pín. Ìpara tó ń dáàbò bo awọ ara lọ́wọ́ oòrùn ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni fóòmù tí mo fi ń tẹ faundéṣọ̀n mọ́ ojú. Lóde ara, àwọ̀ ara mi nìkan ló ní, mo sì máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Àbúrò mi ló ní kí a fi ọ̀bẹ là á. Inú rẹ̀ ní àbààwọ́n dúdú kéékèèké, bí búrẹ́dì tó ti hu olú. Ojú mi ni mo ti ń fi nǹkan yẹn gbá láràárọ̀. Oṣù 3 ni ó yẹ kí irú fóòmù bẹ́ẹ̀ lò kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Tèmi ti lo ju ọdún kan lọ.

Nígbà tí mo parí, 23 ló lọ, 14 ló kù. Àbúrò mi ní kí n fún ọmọ tó ń bá aládùúgbò wa tajà ní àwọn tí ìgò wọn ṣì rẹwà. Mo kọ̀. Ohun tí mo kọ̀ láti fi sójú ara mi, kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe lójú ọmọ ọlọ́mọ? N kò sì jù wọ́n sí ààtàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn kan ń ṣa ìgò òfìfo láti rọ ayédèrú sínú wọn. Mo ha inú wọn jáde sínú ìwé ìròyìn, mo ya àmì ara wọn, mo sì fi òòlù fọ́ àwọn ike.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojú mi ti san, mo ra maskára kan, tìróò olómi kan àti fóòmù méjì. Mo gé pílásítà funfun wẹ́wẹ́, mo kọ ọjọ́ tí mo ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn nídìí. Àbúrò mi wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ orúkọ òde náà sí i pẹ̀lú, torí ọjọ́ nìkan kò ní yé yín." Lábẹ́ ọjọ́ tó wà lára maskára náà, mo fi kún un pé: ìsọmọlórúkọ, léèsì aláwọ̀ ewé.