Fóònù kan, kíláàsì ńlá

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má dúró de ìjọba o, fóònù ọwọ́ yín náà ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wá fídíò kékeré lórí YouTube, bíi bí ẹ̀wà ṣe ń hù, ẹ dáńlóòdù ẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wò ó tán fúnra yín torí kì í ṣe gbogbo fídíò ló dáa fọ́mọdé. Ẹ cháàjì fóònù o, NEPA ò ṣeé fọkàn tán rárá. Tẹ́ ẹ bá dé kíláàsì, káwọn mẹ́jọ mẹ́jọ máa wò ó, káwọn tó kù máa yàwòrán. Ẹ dá fídíò dúró láàárín, ẹ bi wọ́n pé kí ló kàn? Ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà. Tóhùn ẹ̀ ò bá lọ sókè, ẹ ki fóònù bọnú ife òfìfo, mo ti dán an wò.