Igi Eléso Lẹ́yìnkùlé: Láti Inú Ihò Dé Ẹnu

Ẹ má tíì ra igi kankan. Ẹ kọ́kọ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé yín ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí oòrùn ń pa àti ibi tí ògiri ṣíji bò. Igi eléso ń fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán. Tí òjò bá dá, ẹ tún padà lọ wo ibi tí omi ń dúró sí. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré, ẹ rọ omi kún un. Tí omi náà ò bá tíì fà tán nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ má gbin píà síbẹ̀, torí gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Gúáfà máa ń fara da irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Ẹ má gbìn ín fún mọ́ra

Igi tó wà nínú ọ̀rá kékeré máa ń tan èèyàn jẹ. Èèyàn á gbin mẹ́wàá sí ibi tí mẹ́ta yẹ kó wà, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, gbogbo wọn á máa sáré lọ sókè wá oòrùn, èso á wà ní ṣóńṣó orí igi níbi tí ọwọ́ ò lè tó o. Láàárín mángòrò kan sí òmíràn, ẹ jẹ́ kó tó mítà 8 sí 10. Ọsàn ń fẹ́ mítà 5 sí 6, gúáfà mítà 5, ìbẹ́pẹ mítà 2 sí 3. Mángòrò àti píà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé tàbí kànga, ẹ fi mítà 8 sílẹ̀.

Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ mítà 15 níbùú lóròó, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbin ọsàn méjì, gúáfà kan, ọsàn wẹ́wẹ́ kan, kí ẹ sì fi ìbẹ́pẹ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Kò pọ̀ lójú, àmọ́ ìdílé kan ò ní jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà lára mángòrò dandan lè gbin ẹyọ kan, kó sì máa gé orí rẹ̀ lọ́dọọdún kó má ga ju mítà 4 lọ.

Kóró tàbí igi alásopọ̀?

Igi alásopọ̀ ni èyí tí wọ́n gé ọ̀mùnú igi tó ti ń so, tí wọ́n wá dì í mọ́ ẹsẹ̀ igi kékeré mìíràn títí tí àwọn méjèèjì fi di ọ̀kan. Mángòrò alásopọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tí ẹ bá fi kóró gbìn lè gbà ju ọdún mẹ́fà lọ, ó sì lè má jọ ìyá rẹ̀ rárá: ẹ gbin kóró èyí tó dùn bí oyin, ẹ wá ká èyí tí okùn rẹ̀ ń há sí eyín. Àwọn mángòrò kan wà ṣá tí èèhù méjì tàbí mẹ́ta máa ń yọ nínú kóró wọn kan ṣoṣo, èyí tó bá lágbára nínú wọn sì sábà máa ń jọ ìyá.

Ìbẹ́pẹ la máa ń fi kóró gbìn láìkábàámọ̀, àmọ́ ó ní akọ, ó ní abo, ó sì ní èyí tó jẹ́ akọ àti abo pọ̀. Ẹ gbin mẹ́ta sínú ihò kan. Tí wọ́n bá yọ òdòdó, akọ lẹ máa rí tí òdòdó wẹ́wẹ́ rẹ̀ so rọ̀ lórí ọ̀pá gígùn, ti abo sì tóbi, ó lẹ̀ mọ́ ara igi. Ẹ fa àwọn akọ tu, kí ẹ dá ẹyọ kan sí nínú gbogbo ọgbà tó bá jẹ́ pé abo nìkan ló kù.

Ihò

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dáa láti gbìn. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ òkè tó dúdú sí apá kan, kí ẹ kó ti ìsàlẹ̀ sí apá kejì. Ẹ po ti òkè mọ́ ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa bíi garawa kan, òun lẹ máa dà padà yí gbòǹgbò ká. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò ni, ẹ má fi í síbẹ̀ láé.

Ẹ rí i pé ojú ibi tí wọ́n ti so igi pọ̀ ga kúrò nílẹ̀. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá bò ó, àrùn á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ bu omi sí i lójú ẹsẹ̀, kódà tí òjò bá ti ṣú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ nípọn, àmọ́ kí koríko má kan ara igi, nítorí jíjẹrà àti ikán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, garawa omi kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ló ń fẹ́ fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Èso tó bá yọ lọ́dún kìíní, ẹ já a dànù. Ó máa ń dunni, mo mọ̀, àmọ́ igi kékeré tó ń tọ́mọ kì í dàgbà.

Àfòmọ́ àti eṣinṣin

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ẹyẹ ló ń gbé kóró rẹ̀ wá, tó bá sì ti wọnú ẹ̀ka, omi igi yín ló ń mu. Fífa ewé rẹ̀ ya ò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi ayùn gé ẹ̀ka náà, kí ẹ gé e jìnnà sí ibi tó dì mọ́ lápá ìdí igi. Ẹ tún máa gé èèhù tó bá hù lábẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti so igi alásopọ̀ pọ̀, torí igi ìdí ló ń hù yẹn, èso rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ rà.

Eṣinṣin èso ló ń ba mángòrò àti gúáfà jẹ́ jù. Á yé ẹyin sábẹ́ èèpo, ìdin á jẹ inú rẹ̀, èso á já bọ́, ìdin á wọlẹ̀, á sì jáde ní eṣinṣin tuntun. Nítorí náà, èso tó já sílẹ̀ gan-an ni ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ máa ṣa wọ́n lójoojúmọ́, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ jìn. Èèrà pupa tó máa ń rán ewé igi pọ̀ ṣe ilé, ẹ má pa á. Ó ń gé èèyàn jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń lé eṣinṣin yìí. Ó ju 1,000 ọdún lọ tí àwọn àgbẹ̀ ọsàn ní Ṣáínà ti ń lò ó ṣọ́ igi wọn.

Kíká àti jíjẹ

Ọsàn kì í pọ́n sí i lẹ́yìn tí a bá ti ká a, nítorí náà ẹ tọ́ ọ̀kan wò kí ẹ tó ká ìyókù. Àwọ̀ rẹ̀ ò tó ẹ̀rí, torí níbi tí òtútù ò sí, ó lè dùn kó sì ṣì máa ṣe àwọ̀ ewé. Gúáfà ní fítámì C tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọsàn, síbẹ̀ àwọn ọmọdé àti àdán nìkan ló dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀. Mángòrò gbó tí èjìká rẹ̀ bá ti yọ ju ìdí ọ̀mu rẹ̀ lọ, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Ẹ ká a pẹ̀lú ọ̀mu, kí oje má ba èèpo rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì fi í sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n. Ẹ má fi kábáìdì mú un pọ́n, májèlé wà nínú rẹ̀.

Píà ní tiẹ̀ kì í rọ̀ lórí igi. Ẹ ká ẹyọ kan, ẹ gbé e sílé. Tó bá rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láìhunjọ, ẹ lọ ká èyí tó kù bí ẹ ṣe ń fẹ́ jẹ ẹ́. Tó bá hunjọ, tó sì le bíi rọ́bà, ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí ẹ tún ká ẹyọ kan wò.